Oòrùn, Eegun àti Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlera sọ níbi ìkówójọ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Jahi, Àbújá

 

Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ètò òní sọ fún wa pé kí àwa ìgbìmọ̀ ètò ìlera wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dáwó, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ibà ni a ó sọ. Àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì, a ó sì máa sọ wọ́n ní ìpàdé oṣooṣù. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin wa tí ó mú kí a yan ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ni ti fítámì D, èyí tí oòrùn ń bá wa ṣe sínú ara, àti ti kálísíọ̀mù, èròjà tí ń mú eegun le. Àwọn méjèèjì dà bí ọkọ àti aya. Bí ọ̀kan kò bá sí nílé, iṣẹ́ ilé kò lè lọ déédéé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà nìyí. Ọmọbìnrin kan wà láàrin àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ èdè Yorùbá lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Sátidé. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ọmọ náà já fáfá, ó lè ka a-bí-dí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, kì í sì í bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Bí ó bá rìn jìnnà díẹ̀, a jókòó, a ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Àwọn aládùúgbò kan ní bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pọ̀n ọ́n ni ó fa á. Àwọn mìíràn ní ó tètè rìn jù. Àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ nílé kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀: wọ́n ní kí ìyá ọmọ wá sílé wá ka ohun tí ó ṣe. Obìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ti ra fítámì olómi ìgò mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn, owó àkàrà tí ó ń dín ni ó sì fi rà á, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kò nà.

A bá a lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò orúnkún àti ọrùn ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni dókítà béèrè ohun kan tí ẹnì kankan kò tí ì béèrè rí: "Kí ni ọmọ yìí ń jẹ?" Ìyá ní ẹ̀kọ ni ní àárọ̀, tùwó tàbí àmàlà ni ní alẹ́. Dókítà ní, "Wàrà ń kọ́?" Ìyá ní owó kò tó o. Dókítà ní, "Ẹja inú ọbẹ̀ ń kọ́?" Ìyá wolẹ̀, ó ní, "Ti bàbá rẹ̀ ni, sà." Gbogbo wa dákẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilé tiwa náà.

Wọ́n ní àrùn tí òyìnbó ń pè ní rickets ni, èyí tí àwa lè pè ní àrùn eegun rírọ̀. Wọ́n fún ọmọ ní kálísíọ̀mù, wọ́n sì kọ́ ìyá rẹ̀ ní oúnjẹ tí yóò máa fún un. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ìrora lọ, nígbà tí ọdún sì fi máa yí po, ẹsẹ̀ ti ń nà. Ó wà níbí lónìí. Ó wà lára àwọn tí ó kọrin kí yín káàbọ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tí ì sí ẹni tí ó bẹ ìyá rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn. Àrùn yìí kì í ṣe àrùn ènìyàn dúdú nìkan. Ní ọdún 1650, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Francis Glisson tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ ní ilẹ̀ òyìnbó, tí èéfín èédú bo ojú ọ̀run, tí àwọn ọmọ sì ń gbé nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró, ẹsẹ̀ títẹ̀ di ohun tí a ń rí káàkiri ìgboro. Ní 1822, dókítà kan ní ilẹ̀ Poland, Jędrzej Śniadecki, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ìlú Warsaw ń ní àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ oko kì í sábà ní in. Ó ní oòrùn ni ìyàtọ̀. Àwọn ènìyàn kò tètè gbà á gbọ́.

Ó di ọdún 1919 kí ọ̀rọ̀ náà tó yé aráyé dáadáa. Ní ọdún náà, Kurt Huldschinsky ní ìlú Berlin gbé àwọn ọmọ tí ó ní àrùn yìí sí iwájú fìtílà kan tí ń tan irú ìtànṣán tí ó wà nínú oòrùn, eegun wọn sì le. Ní àkókò kan náà, Edward Mellanby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ń wo àrùn yìí sàn lára ajá. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ayé ìjọ́un yóò rántí òróró náà, èyí tí wọ́n ń fi ṣíbí bù sí wa lẹ́nu tí a sì ń yọ́ tutọ́ rẹ̀ dànù lẹ́yìn ilé. Ní 1922, E. V. McCollum ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú òróró náà yàtọ̀ sí fítámì A. Nítorí pé A, B àti C ti wà nílẹ̀, ó sọ ọ́ ní D. Ní 1928, Adolf Windaus ti ilẹ̀ Jámánì gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ọn.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí oòrùn bá kan awọ ara, ìtànṣán kan tí ojú kò rí a yí ọ̀rá kan tí ó wà lábẹ́ awọ padà di fítámì D. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ kíndìnrín, kíndìnrín a parí iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó máa ń lọ bá ìfun pé kí ó ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù tí ó wà nínú oúnjẹ. Bí fítámì D kò bá tó, ènìyàn lè jẹ kálísíọ̀mù kí ó sì tún yà á dànù. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: bí adènà bá ṣílẹ̀kùn tí kò sí ẹni tí ń wọlé, ilé yóò ṣófo náà ni. Bí kálísíọ̀mù kò bá sí nínú oúnjẹ, gbogbo oòrùn Àbújá kò lè sọ ọ́ di eegun.

Èyí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn rí ní orílẹ̀-èdè wa. Ó jọ wọ́n lójú pé ibi tí oòrùn ti ń ràn láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá ni ọmọ tún ti ń ní àrùn eegun rírọ̀. Ní ìlú Jos, wọ́n yẹ ọmọ 218 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, wọ́n ní kò sí ọ̀kan tí fítámì D kò tó lára rẹ̀, síbẹ̀ àmì àrùn eegun wà lára àwọn kan nínú wọn.

Ní 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsibítù Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos tẹ àbájáde iṣẹ́ mìíràn jáde. Wọ́n mú ọmọ 123 tí àrùn náà ń ṣe, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún apá kan ní abẹ́rẹ́ fítámì D, wọ́n fún apá kejì ní kálísíọ̀mù lójoojúmọ́, apá kẹta gba méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi tọ́jú wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó gba fítámì D nìkan, 19 péré ni ó sún mọ́ ìwòsàn dé ìwọ̀n tí àwọn dókítà ń fẹ́. Nínú àwọn tí ó gba kálísíọ̀mù nìkan, ó jẹ́ 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí ó gba méjèèjì, ó jẹ́ 58. Wọ́n tún rí i pé kálísíọ̀mù inú oúnjẹ àwọn ọmọ náà kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 lọ lójúmọ́. Àwọn amòye tí ó pàdé láti gbogbo ayé lórí àrùn yìí kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2016 pé ọmọ tí ó ti lé ní ọdún kan yẹ kí ó rí tó 500 ó kéré tán.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ Jos ni, kò kan Yorùbá. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni bíi L. M. Oginni, rí irú rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tiwa, wọ́n sì fi kálísíọ̀mù wò wọ́n. Wọ́n rí i pẹ̀lú ní àwọn abúlé ẹ̀bá Kaduna láàrin àwọn ọmọ Gbagyi. Gbagyi kọ́, Yorùbá kọ́, àwo oúnjẹ ni. Níbi tí ọmọ bá ti ń jẹ ọkà nìkan ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, tí kò rí wàrà, tí kò rí ẹja, ibẹ̀ ni àrùn yìí máa ń bẹ̀ wò. Nǹkan kan tilẹ̀ wà nínú àgbàdo tí ó máa ń di kálísíọ̀mù mú kí ó má lè wọ ara. Rírẹ àgbàdo kí ó kan, bí a ti ń ṣe ògì, máa ń dín in kù. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò ka ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́gbọ́n wá.

Kí wá ni a ó jẹ? Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òkè-Ògùn, ẹ kò níláti wá a jìnnà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, nọ́nò tí wọ́n ń gbé kiri ní ìgboro Jahi níbí, ọbẹ̀ lúrú tí a ń fi ewé ọsẹ̀ sè, ewédú, ẹfọ́ tẹ̀tẹ̀, yànmọ̀tí, edé, gbogbo wọn ni kálísíọ̀mù wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti eegun ẹja. Ní 2015, Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwé jáde. Wọ́n fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí àrùn yìí ń ṣe ní ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná tòun ti eegun, wọ́n fún àwọn mìíràn ní òkúta ẹfun lílọ̀ tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún oògùn. Méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ohun tí a ń jù fún ológbò ni oògùn ọmọ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ àwọn tí fítámì D fúnra rẹ̀ lè wọ́n lára wọn, nítorí àwọn náà wà láàrin wa.

Àkọ́kọ́ ni ọmọ ọwọ́. Ọmú ìyá dára ju ohunkóhun lọ, kò sí ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n fítámì D inú rẹ̀ kéré. Àwọn amòye ní ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan yẹ kí ó máa gba ìwọ̀n 400 lójúmọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì níbi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni àwọn tí kì í rí oòrùn. Àbújá ti sọ ọ̀pọ̀ wa di ará inú ilé: láti inú ilé sínú mọ́tò, láti inú mọ́tò sí ọ́fíìsì, gíláàsì ní iwájú, gíláàsì ní ẹ̀yìn. Oòrùn tí ó gba inú gíláàsì kọjá máa ń gbóná lára, ṣùgbọ́n kò lè ṣe fítámì D, nítorí gíláàsì ti gba ìtànṣán náà dúró. Àwọn ìyá wa ẹlẹ́hàá náà wà níbẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé tí ó ní ọgbà, níbi tí ojú àlejò kò dé, ti tó láti ká apá aṣọ sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú, awọ ara wọn kì í ṣiṣẹ́ náà bíi ti ọ̀dọ́ mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wa tí ó wà lókè òkun. Awọ dúdú dára, ààbò ni Ọlọ́run fi í ṣe fún wa níwájú oòrùn tí ó mú, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó ṣe fítámì D. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, oòrùn wọn kò lágbára tó láti ṣe é rárá. Láti 2016 ni ìjọba wọn ti ń gba àwọn ènìyàn dúdú nímọ̀ràn pé kí wọ́n ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń lọ tọ́jú ọlọ́mọ tuntun ní London, bí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá mú oògùn ẹlẹ́kán yìí wá, ẹ má ṣe sọ pé àwa kò lo irú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

A ó wá kìlọ̀ díẹ̀. Oòrùn àfẹ̀mọ́júmọ́ tutù lára, ṣùgbọ́n ìtànṣán tí à ń wí yìí kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n nìyí: bí òjìji rẹ bá gùn jù ọ́ lọ, oòrùn náà kò tí ì tó, bí ó bá kúrú jù ọ́ lọ, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lára apá àti ojúgun ti tó fún àgbà, kì í ṣe kí a tẹ́ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ kí ó jóná ní ọ̀sán gangan. Àwọn àfín wa kò gbọdọ̀ yá oòrùn rárá nítorí jẹjẹrẹ awọ; ẹja, ẹyin àti oògùn dókítà ni kí wọ́n fi wá tiwọn. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ má ṣe gbé e sí oòrùn kí ẹ sì jókòó tì í, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín jẹ. Àwọn kan ń ta fítámì D bí ẹni ń ta àgúnmu gbogboǹṣe, wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ, ó ń wo àrùn ọkàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àgbàlagbà 25,871 dán an wò fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní ìparí 2018: kò dín iye àwọn tí jẹjẹrẹ mú kù, bẹ́ẹ̀ ni kò dín àrùn ọkàn kù. Bí ènìyàn bá sì lò ó ní àlòjù, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Iṣẹ́ tí ó dá a lójú ni ti eegun. Ẹ jẹ́ kí a gbà á bẹ́ẹ̀.

Kì í tún ṣe gbogbo ẹsẹ̀ títẹ̀ ni àrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì ni ẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí ó sì máa ń nà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọdún méjì tí ó sì ń tẹ̀ sí i, bí ọrùn ọwọ́ bá wú, bí ọmọ kò bá tètè rìn, tàbí tí ó ń ké pé ẹsẹ̀ ń dun òun, ẹ má ṣe dúró. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Eegun ọmọdé ṣì lè nà, ti àgbà lè gba iṣẹ́ abẹ. Obìnrin tí eegun ìbàdí rẹ̀ sì ti wọ́ láti kékeré lè rí ìṣòro ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ìgbà tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ yan ilẹ̀ yìí fún olú-ìlú, tí òfin rẹ̀ sì jáde ní oṣù kejì ọdún 1976, púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ibí ni a ó ti bímọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa kò mọ ilé mìíràn ju Jahi lọ. A wá kówó jọ láti kọ́ gbọ̀ngán, ó dára, a sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò jókòó nínú gbọ̀ngán náà, ẹsẹ̀ wo ni wọn yóò fi rìn wọ ibẹ̀?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a yọ ìdá kan nínú ogún owó òní sọ́tọ̀ fún ẹja gbígbẹ lílọ̀ àti wàrà fún àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé, kí ọmọ Gbagyi tí ń bá wọn ṣeré sì jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti gbà láti máa se ẹ̀kọ náà láìgba kọ́bọ̀. Èkejì, ẹ̀yin bàbá, a bẹ̀ yín, láti alẹ́ òní lọ, kí ẹja inú ọbẹ̀ má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan mọ́. Bàbá tí ó bu ẹja fún ọmọ kò dín ọlá ara rẹ̀ kù. Ẹ̀kẹta, bí a bá rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, kí a béèrè ohun tí ó jẹ kí a tó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá ọmọ tí a sọ ìtàn rẹ̀ jókòó sí àárín wa níbí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ pé òun bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà, kí ó wá a lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò níláti sọ púpọ̀. "Má bínú" ti tó.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí eegun àwọn ọmọ wa le, yóò jẹ́ kí a ríná kí a rílò láti tọ́ wọn, gbogbo wa yóò sì bá ara wa délé láyọ̀.